Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ọjà Wà?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọjà ọ̀rọ̀ ni mo ka Twitter sí, èyí tí à ń pè ní X nísinsìnyí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ náà pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 2, ìjọba Nàìjíríà kéde pé àwọn ti ọjà náà pa. Ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè. Ní oṣù keje ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé títì náà lòdì sí òfin. Ẹ má jẹ́ ká gbè sẹ́yìn ọ̀gá kan láti bá ìkejì jà. Òfin tó hàn sí gbogbo ènìyàn ló yẹ kó de àwọn méjèèjì.