Físà Ọkọ Tàbí Aya: Owó Ẹni Tó Ń Pè ni Wọ́n Ń Wò

Ìyàwó wà ní Ibafo, ọkọ wà ní Peckham, ní London. Wọ́n ti ṣe ìdána, wọ́n ti fọwọ́ síwèé ní kóòtù, fọ́tò ìgbéyàwó ti wà lára ògiri pálọ̀. Ó wá ku físà. Àjẹ́ǹtì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bi ìyàwó ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Mélòó ló wà ní àkáǹtì yín?” Láti ọjọ́ náà ni ẹbí ti ń ṣa owó jọ, tí wọ́n ń yá lọ́tùn-ún, tí wọ́n ń yá lósì.

Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe o, àmọ́ ẹni tó bá ń gbé Mowe, Ibafo tàbí Ifọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn kò ní sọ pé òun ò mọ irú rẹ̀. Àdúgbò wo níbẹ̀ ni kò ti sí ilé tí ọmọ onílé tàbí ọkọ ayálégbé wà ní Ìlú Ọba?

Ìbéèrè àjẹ́ǹtì yẹn ló dorí kodò. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló fi í kọ́ wa: akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń fi owó tirẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀ hàn pé ó ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28. Físà ọkọ tàbí aya kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà ní Peckham ni ìjọba Ìlú Ọba ń bi pé, ìwọ tó fẹ́ mú èèyàn wá yìí, kí lo fẹ́ fi bọ́ ọ?

Ohun tí òfin ń béèrè

Ẹ lè gbọ́ kí bùọ̀dá kan sọ pé, “Nígbà tèmi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló dúró fún wa.” Kò purọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Ìlú Ọba dájọ́ nínú ẹjọ́ Mahad pé ìrànlọ́wọ́ láti ọwọ́ ẹlòmíràn ṣeé kà mọ́ owó tí tọkọtaya yóò fi gbọ́ bùkátà ara wọn. Àfi bó ṣe di ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2012, nígbà tí Theresa May jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tí òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní Appendix FM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní ẹni tó ń pe ọkọ tàbí aya gbọ́dọ̀ máa gba £18,600 lọ́dún, ó kéré tán. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ dúró fúnni kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Iye yẹn kò yí padà fún nǹkan bí ọdún méjìlá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó fò sókè di £29,000. Ìjọba tó ṣe é ń gbèrò láti gbé e dé £38,700, ṣùgbọ́n ìjọba ẹgbẹ́ Lébọ̀ tó gbàjọba ní oṣù Keje ọdún náà dá a dúró. Àwọn onímọ̀ tí ìjọba ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò mú àbá wá ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, èyí tó kéré ju £29,000 sì wà lára àwọn iye tí wọ́n dá lábàá. Àbá kì í ṣe òfin. £29,000 ló ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mò ń kọ èyí, ọmọ tó bá sì tẹ̀ lé ìyá tàbí bàbá rẹ̀ kì í fi kún un mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ kíyè sí ẹni tó lágbára láti pè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni, tàbí ẹni tó ti gba ìwé ìgbé ayé títí lọ, tàbí ẹni tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi. Ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́ kò sí níbẹ̀; òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló fi gba físà láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024 síwájú, kò tilẹ̀ lè mú aya tàbí ọmọ wá rárá.

Iṣẹ́ tí ìyàwó ń ṣe ní Nàìjíríà ńkọ́? Ì báà jẹ́ olùkọ́ ní Ifọ̀, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì ní Èkó tó ń wọ mọ́tò láti Mowe ní aago márùn-ún ìdájí, owó oṣù rẹ̀ kò wọ inú ìṣirò náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún un pé ó máa rí tó bá débẹ̀.

Bí £29,000 ṣe tóbi tó

Ẹni tó wà nílé lè rò pé owó kékeré ni fún ará London. Ẹ jẹ́ ká fi iye ọdún 2025 ṣírò ó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó iṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin Ìlú Ọba fún àgbàlagbà di £12.21 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 37 àbọ̀ lọ́sẹ̀, tí kò fo ọ̀sẹ̀ kan, yóò gba nǹkan bíi £23,810 lọ́dún. Ó ṣì ku £5,190 kó tó dé ibi tí òfin ń wí. Tó bá fẹ́ fi owó iṣẹ́ yẹn nìkan dé ibẹ̀, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wákàtí 46 lọ́sẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ fi ń ṣe iṣẹ́ òru lé iṣẹ́ ọ̀sán, tí ìyàwó sì ń bínú nílé pé kì í gbé fóònù.

Owó tí wọ́n ń kà ni èyí tó pé kí wọ́n tó yọ owó orí. Iṣẹ́ méjì ṣeé pa pọ̀, owó àfikún wákàtí náà ṣeé kà. Bí ẹni tó ń pè bá sì ń gba owó ìrànwọ́ àìlera tí wọ́n ń pè ní PIP, tàbí Carer’s Allowance nítorí aláìsàn tó ń tọ́jú, òfin £29,000 kò kàn án: kó fi hàn pé owó tó wà yóò tó wọn jẹun, kí ilé sì wà.

Ìwé mẹ́ta tí ẹnu wọn gbọ́dọ̀ kò

Fún òṣìṣẹ́ tó ti lo oṣù mẹ́fà pẹ̀lú ọ̀gá kan náà, ìwé mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́: ìwé owó oṣù fún oṣù mẹ́fà, ìwé báńkì fún oṣù mẹ́fà kan náà, àti lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ tó sọ iye owó rẹ̀, ìgbà tó ti ń gbà á, àti irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ìwé tó kẹ́yìn nínú wọn kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 28 lọ kí wọ́n tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

Ibí yìí gan-an lẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Tí ìwé owó oṣù bá ní £2,050 ló bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn owó orí, £2,050 náà ni báńkì gbọ́dọ̀ sọ. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń fún ní owó lọ́wọ́, tó ná díẹ̀ lọ́jà kó tó gbé ìyókù lọ sí báńkì, ìyókù nìkan ni wọ́n máa bá a kà. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ dúró sójú kan, oṣù tó kéré jù nínú mẹ́fà ni wọ́n máa fi ṣírò ọdún. Ẹni tí wákàtí rẹ̀ ń pọ̀, tó ń dínkù, wọ́n á pín in dọ́gba. Bó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́, ohun tó gbà gan-an láàárín oṣù méjìlá sẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ dé iye tí òfin sọ. Nítorí náà, ọkọ tó bá fẹ́ pe ìyàwó lọ́dún yìí kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó ku díẹ̀.

Oníṣẹ́ ara rẹ̀, bí awakọ̀ táásì tàbí aránṣọ, ìwé owó orí ọdún tó parí ló máa kó wá. Òun kò lè fi owó ìpamọ́ kún un.

Ìgbà wo wá ni owó ilé wúlò?

Ó wúlò, ọ̀nà tirẹ̀ ló yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ni owó ìpamọ́. Ó lè jẹ́ ti ìyàwó, ó lè jẹ́ ti ọkọ, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì ní orúkọ wọn fún oṣù mẹ́fà gbáko láìlọ sílẹ̀. £16,000 àkọ́kọ́ kò ṣe nǹkan kan. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ni wọ́n á fi 2.5 pín, ohun tó bá jáde ni wọ́n á fi dí ihò owó oṣù. Òṣìṣẹ́ wa tó ku £5,190 yẹn nílò £28,975. Ẹni tí kò ní owó oṣù kankan nílò £88,500.

Náírà sì ń yọ́. Iye tí wọ́n bá ń ṣẹ́ ẹ lórí ìkànnì OANDA lọ́jọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni wọ́n máa lò. Kí báńkì àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, pọ́n-ùn kan kò tíì ju nǹkan bíi ₦600 lọ ní báńkì. Mílíọ̀nù 50 náírà ju £80,000 lọ nígbà náà. Tí pọ́n-ùn bá di ₦2,000, mílíọ̀nù 50 kan náà di £25,000. Ẹ yọ £16,000 kúrò, ẹ fi 2.5 pín £9,000 tó kù, £3,600 péré ni mílíọ̀nù 50 rí dí.

Owó àjọ ńkọ́? Ọwọ́ alájọ kì í ṣe báńkì. Tí ẹ bá kó àjọ lónìí, tí ẹ sì gbé e lọ sí báńkì, òní ni oṣù mẹ́fà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ òbí náà rí bẹ́ẹ̀: wọ́n gbà á bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lábẹ́ àṣẹ yín, tí ẹ̀yin tí ẹ ni àkáǹtì sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe gbèsè.

Ilẹ̀ ló yani lẹ́nu jù. Ní agbègbè wa yìí, ilẹ̀ ni báńkì ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilẹ̀ tí ẹ kò tíì tà kò ní iye kankan lójú òfin yìí, ì báà wà létí títì márosẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tà á, owó rẹ̀ kò ní láti dúró fún oṣù mẹ́fà, tó bá ṣáà jẹ́ pé tiyín ni ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́fà ọ̀hún títí di ọjọ́ tí ẹ tà á, tí ìwé sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìwé tí mò ń wí ni èyí tí ìjọba mọ̀ sí: C of O, tàbí ìwé àdéhùn tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú lẹ́tà lọ́yà lórí bí ẹ ṣe tà á. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ kò gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀. Bó bá sì jẹ́ orúkọ bàbá yín ló wà lára ìwé, ilẹ̀ bàbá ni. Ẹ̀bùn ni owó rẹ̀, oṣù mẹ́fà sì ni yóò jókòó.

Owó ilé tí ẹ fi háyà náà wà nínú ohun tí wọ́n ń kà, bí ilé ọ̀hún kò bá jẹ́ èyí tí ẹ fúnra yín ń gbé. Ìwé báńkì oṣù méjìlá tó fi owó náà hàn bó ṣe ń wọlé ni wọ́n máa béèrè, pẹ̀lú ìwé àdéhùn ayálégbé àti ìwé ilé. Ayálégbé ilé fésí-mi-áì-fésí-yú wa sì fẹ́ràn kó kó owó ọdún kan sínú ọ̀rá dúdú wá fún ìyá onílé! Ẹ ní kí wọ́n máa san án sí báńkì. Ẹ má sì retí púpọ̀: ₦1,200,000 lọ́dún, bí pọ́n-ùn bá wà ní ₦2,000, £600 ni.

Owó tí àjẹ́ǹtì ń fi háyà

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé mílíọ̀nù sí àkáǹtì yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n sì gba èlé lórí rẹ̀. POF ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹ̀rí owó. Fún físà ọkọ tàbí aya, kò wúlò rárá, nítorí gbèsè ni, kò sì lo oṣù mẹ́fà. Ìwé báńkì ayédèrú tún burú ju ìyẹn lọ, torí wọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí báńkì láti béèrè. Bí àṣírí bá tú, kì í ṣe fọ́ọ̀mù yẹn nìkan ni wọ́n máa kọ̀, ẹ̀tàn náà yóò wà lákọsílẹ̀ níwájú orúkọ yín nígbà tí ẹ bá tún padà wá.

Amẹ́ríkà àti Kánádà

Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù I-864 ni ẹni tó ń pè máa ń fọwọ́ sí. Fún èèyàn méjì lábẹ́ ìṣirò ọdún 2025, nǹkan bíi $26,437 lọ́dún ló ní láti máa gbà nígbà náà. Tí kò bá tó, ẹlòmíràn tó ń gbé níbẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tó ní káàdì ìgbélùú, lè bá a dúró, ohun tí Ìlú Ọba kì í sábà gbà. Kí olúwarẹ̀ mọ ohun tó ń fọwọ́ sí o: ìkọ̀sílẹ̀ kì í tú àdéhùn yẹn. Kánádà kì í sábà béèrè iye owó kan pàtó fún ọkọ tàbí aya, ìlérí ọdún mẹ́ta pé ẹ máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ ni.

Bí wọ́n bá kọ̀ yín

Owó fọ́ọ̀mù láti ìta Ìlú Ọba di £1,938 ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Owó ìlera fún físà oṣù 33 jẹ́ £3,105. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n á dá owó ìlera padà, owó fọ́ọ̀mù ti lọ nìyẹn.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2017, nínú ẹjọ́ MM, pé kò lòdì sófin kí ìjọba gbé iye kan kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ire àwọn ọmọdé ṣe bó ṣe yẹ. Láti oṣù Kẹjọ ọdún náà, bí ìdílé bá máa jìyà gidi nítorí kíkọ̀ náà, pàápàá bí ọmọ bá wà láàárín, wọ́n lè wo àwọn owó mìíràn, títí kan ìlérí ẹbí tó ṣeé gbára lé. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá kọ̀. Ọjọ́ 28 ni ẹni tó wà ní Nàìjíríà ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá owó kiri ní Mowe, ẹ sinmi díẹ̀. Ẹ pe ẹni tó wà lókè òkun lálẹ́ òní, kó fi ìwé owó oṣù mẹ́fà àti ìwé báńkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ jọ fi wọ́n wéra ní oṣù kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún àjẹ́ǹtì.