Orúkọ Tí Ó Yẹ Iṣẹ́: Ẹ́ńsáìmù Inú Ẹ̀jẹ̀ Alátọ̀gbẹ

Àtọ̀gbẹ àti ìtọ̀ ṣúgà ni orúkọ tí Yorùbá sábà máa ń pe àrùn yìí. Ìtọ̀ ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí, nítorí pé òun ni ojú kọ́kọ́ rí: aláìsàn ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ni ewu ńlá wà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì nínú iṣan ọkàn tàbí ti ọpọlọ wà lára ohun tí ó ń pa alátọ̀gbẹ jù lọ. Olùkọ́ tí yóò ṣàlàyé èyí gbọ́dọ̀ wá orúkọ fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni ègé sẹ́ẹ̀lì wínníwínní tí Bizzozero, ará Ítálì, ṣàpèjúwe iṣẹ́ rẹ̀ ní 1882. Ìrísí rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì wò tí wọ́n fi pè é ní àwo kékeré. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sídìí àwo ọbẹ̀. ‘Amẹ́jẹ̀dì’ sàn jù, nítorí iṣẹ́ ni ó ń sọ: bí abẹ bá géni, òun ni ó ń sáré dí ojú ọgbẹ́. Ti ẹ́ńsáìmù yàtọ̀. Kühne, ará Jámánì, ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wá ní 1877 láti inú èdè Gíríìkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ‘nínú ìwúkàrà’. Bí a bá sì pè é ní ìwúkàrà, búrẹ́dì ni òǹkàwé yóò rántí. Kí a yá ọ̀rọ̀ náà lò, kí a sì ṣàlàyé pé protéènì tí ń mú ìyípadà kẹ́míkà yára ni, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán síbẹ̀.

Ṣé ṣúgà tí ó pọ̀ jù ń ba ẹ́ńsáìmù jẹ́? Ògbufọ̀ tí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣìnà. Amẹ́jẹ̀dì kò nílò ìnsúlínì kí ṣúgà tó wọ inú rẹ̀. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà náà ni ìṣiṣẹ́ protein kinase C ń ga, amẹ́jẹ̀dì a sì tètè máa lẹ̀ mọ́ra. Ìṣiṣẹ́ ẹ́ńsáìmù tí ń ṣe nitric oxide, èyí tí í máa ká amẹ́jẹ̀dì lọ́wọ́ kò, ń lọ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ọ̀kan ròkè, ọ̀kan rodò, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì ni àwọn méjèèjì ń fà.

Ó yẹ kí a ya ‘ìṣiṣẹ́’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘iye’. Aspirin fi èyí hàn gbangba. Kì í dín iye cyclo-oxygenase kù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń dá dúró pátápátá. Amẹ́jẹ̀dì kò ní kóró bí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe ẹ́ńsáìmù tuntun, nítorí náà ìdádúró náà yóò bá a dé òpin ayé rẹ̀, ọjọ́ 7 sí 10. Ṣùgbọ́n lára àwọn alátọ̀gbẹ kan, amẹ́jẹ̀dì tuntun ń yára jáde láti inú mùdùnmúdùn egungun. Kí wákàtí 24 tó pé, àwọn tí aspirin kò kàn ti dé inú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú ẹ́ńsáìmù tiwọn tí ń ṣiṣẹ́.