Ìsinmi Láìsí Fóònù: Ohun Tí Ojú Ọmọ Lè Rí Lórí Ilẹ̀ Allāh

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí ti wọ ilé gbogbo wa láìkan ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ fóònù ni, àti bí a ṣe ń lo ìsinmi àwọn ọmọ wa.

Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà. Kí ó tó dé, bí ilé-ìwé bá ti padé, oko bàbá àgbà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ ewé eéran yàtọ̀ sí ewé gbódògì, tí ó ń mọ ibi tí odò jìn sí àti ibi tí ó ṣeé là kọjá. Lóde òní, igun yàrá ni ọmọ ń jókòó sí, orí rẹ̀ á wà nílẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí a bá pè é, á ní “mo ń bọ̀,” kò sì ní wá. Àwa kò sọ pé fóònù burú o. Àwa náà ń fi gbọ́ wáàsí, a sì ń fi kí ará wa tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: bàbá náà ń tẹ̀ ẹ́, ìyá náà ń tẹ̀ ẹ́, ta ni yóò wá bá ọmọ wí?

Àwọn onímọ̀ ìlera ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á kalẹ̀ pé kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 máa jókòó wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, àti pé ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ wò ó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ní Taiwan, níbi tí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé kò ti ríran jìnnà mọ́, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2010 pé kí àwọn ọmọ máa wà níta fún ìṣẹ́jú 120 lójoojúmọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí iye àwọn tí ojú wọn kò ríran jìnnà fi bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lásán ni oògùn náà, a kì í sì í ra á.

Kí ni kí ìdílé wá ṣe? Kí wọ́n yan ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú ìsinmi, kí wọ́n lọ sí ibi tí igi, òkè tàbí omi wà, kí wọ́n sì pa fóònù tì. Ẹni tí Allāh bá fún ní àyè lè kó ọmọ lọ sí Ìkògòsí ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn wá pàdé ara wọn. Ó lè lọ sí Òkè Ìdànrè, tàbí sí Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já láti orí àpáta ní ìpele méje. Ẹni tí kò bá sì ní owó mọ́tò, abúlé rẹ̀ tó o. Nínú Súrátùl Gáṣíyà, a pe ẹ̀dá láti wo ràkúnmí, sánmà, òkè àti ilẹ̀, a kò sì gba owó ìwọlé.

Nígbà tí a kó àwọn ìdílé mélòó kan lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, inú àpò kan ni a kó gbogbo fóònù sí. Ọjọ́ kìíní kò dùn rárá. Ọwọ́ àwọn ọmọ ń wá àpò ṣòkòtò, ara àwọn àgbà gan-an kò balẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bàbá kan jókòó sórí àpáta pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó ń sọ bí òun ṣe ń gbé wàláà lọ sí ilé-kéú láàárọ̀ kí òun tó lọ sí oko. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́tàlá, kò gbọ́ ọ rí. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà kọ wàláà?” A kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Àwọn ìyá a máa bi wá pé, bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn nílé ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Kí fóònù kékeré olóníbọ́tìnnì kan wà lọ́wọ́ àgbà kan, kí àwọn ará ilé mọ nọ́ńbà rẹ̀, kí ó máa wà ní títàn. Ààbò ojú ọ̀nà lóde òní kò gbà kí ènìyàn já ara rẹ̀ gbẹ pátápátá.

Ìbéèrè kejì ni èyí tí àwọn ọmọ wa bi wá: “Ààfáà, báwo ni a ó ṣe mọ àkókò ìrun?” Fóònù ni ó ń pe ìrun fún wọn! Ibí yìí ni a ti rí iṣẹ́ ṣe. A gún igi kan nílẹ̀ tí ó tẹ́jú, a ní kí wọ́n máa fi òkúta sàmì sí ìparí òjìji rẹ̀. Òjìji náà ń kúrú títí, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí gùn. Bí ó bá ti ń gùn padà báyìí, Àílà ti wọlé. Bí òjìji bá gùn tó igi fúnra rẹ̀, tí a sì fi ìwọ̀n òjìji ọ̀sán gangan kún un, Alásárì dé nìyẹn. Ohun tí ó ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni pé ní àárín oṣù kẹjọ, ìhà gúúsù ni òjìji ọ̀sán ń kọjú sí nílẹ̀ wa, nítorí pé oòrùn ti kọjá sí ìhà àríwá orí wa. Ní oṣù kejìlá, ìhà àríwá ni yóò kọjú sí. Bí òjò bá sú, aago ọwọ́ kò léèwọ̀.

Kíbúlà náà ṣeé mọ̀. Láti ilẹ̀ Yorùbá, ìlà-oòrùn tí ó yẹ̀ díẹ̀ sí òsì, ìyẹn sí ìhà àríwá, ni Mẹ́kà wà. Ní oṣù kẹjọ, ibi tí oòrùn ti ń yọ kò jìnnà sí i. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti sún sí ọ̀tún gan-an, ẹni tí ó bá kọjú sí i láìyẹ̀ sí òsì ti ṣì í. Ẹ̀mejì sì ni oòrùn ń dúró sí òkè Káábà gan-an lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún àti ọjọ́ 16 oṣù keje. Ẹni tí ó bá kọjú sí oòrùn nígbà náà, Kíbúlà ni ó kọjú sí.

Ẹ má gbàgbé pé ìrìn-àjò náà ní ìrọ̀rùn tirẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn tó nǹkan bí kìlómítà 80, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ti sọ, arìnrìn-àjò lè dín ìrun olórakáà mẹ́rin kù sí méjì. Kí ọmọ ṣe é pẹ̀lú bàbá rẹ̀ ní ojú ọ̀nà yé e ju kí a kọ ọ́ sí pátákó lọ.

Ní ti àkókò, omi Olúmirìn máa ń pọ̀ lásìkò òjò, àpáta rẹ̀ a sì máa yọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gun òkè láìsí afinimọ̀nà, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ bí òjò bá ti ṣú. Lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n omi náà dín kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí alẹ́ mọ́lẹ̀ fún àlọ́, kí ó lọ ní ọjọ́ 13, 14 àti 15 oṣù ojú ọ̀run, nígbà tí òṣùpá kún. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rí ìràwọ̀, kí ó lọ nígbà tí oṣù bá kú, kí ó sì pa iná tọ́ọ̀ṣì.