Amo: Ọmọ Adúláwọ̀ Tó Bá Descartes Jiyàn



Ní Sátidé kan, ọmọ mi ọkùnrin gbé iṣẹ́ àmúrelé wá bá mi ní Bowie. Wọ́n ní kó kọ̀wé nípa àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún: Descartes, Locke, Leibniz. Ó wá bi mí pé, "Dádì, ṣé kò sí ìkankan nínú wọn tó jọ wá ni?" Èmi ẹnjiníà, tí mo gboyè kejì nílùú òyìnbó, mi ò rí èsì fọ̀. Ojú tì mí. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ni mo bá wá a lọ.

Ó kúkú wà! Anton Wilhelm Amo ni orúkọ rẹ̀. Nítòsí Axim, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1703. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé e lọ sí Amsterdam, tí wọ́n sì fi í ta Duke Anton Ulrich, ìjòyè ńlá kan ní Jámánì, lọ́rẹ. Ẹ gbọ́ o, wọ́n fi ọmọ èèyàn tọrẹ bí ẹni fi àgbò tọrẹ!

Àmọ́ wọ́n rán an níwèé. Ó wọ Yunifásítì Halle ní 1727. Ní 1729, ó jiyàn ní gbangba lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Yúróòpù. Ó dunni pé ìwé yẹn ti sọnù.

Ní Wittenberg, ní 1734, ó kojú Descartes. Descartes ní ọkàn yàtọ̀ sí ara, síbẹ̀ ó ní ọkàn ń jẹ ìrora nítorí pé òun àti ara so pọ̀. Amo ní rárá o: bí ọkàn kì í bá ṣe ara lóòótọ́, kò lè mọ ìrora, ara ló ń mọ̀ ọ́n, òye ni iṣẹ́ ọkàn. Ẹ wò ó, àwa náà ń sọ pé "ara ń ro mí", a sì tún ń sọ pé "ọkàn mi gbọgbẹ́". Èwo ló tọ̀nà? Ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè.

Amo kọ́ni ní Halle àti Jena, ó tẹ ìwé jáde ní 1738 lórí bí a ṣe ń ronú já gaara, kó tó padà sílé ní nǹkan bí 1747. Dókítà inú ọkọ̀ òkun kan bá a ní Axim ní 1753; bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ní àwọn ọdún 1750 yẹn náà ni David Hume kọ ọ́ pé nínú gbogbo ẹrú aláwọ̀ dúdú tó wà káàkiri Yúróòpù, kò sí ọ̀kan tó fi ọgbọ́n hàn rí. Irọ́ gbáà!

Ní 2025, Berlin fi orúkọ Amo sọ òpópónà kan. Ọmọ mi náà sì fi orúkọ rẹ̀ ṣe àkọlé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí àwọn ọmọ bá bi yín pé níbo la wà nínú ìtàn, ẹ má dákẹ́ o. Ẹ bá wọn wá a.

Ire o.