Sìgá Inú Àpótí: Ṣé Kí A Bọ́ Ọ̀rá Rẹ̀ Ni?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ń ra irè oko, ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín sá kòkó mọ̀ pé iṣẹ́ kì í parí sórí ìkórè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti tábà. Ní Kúbà, inú àpótí igi kédárì ni wọ́n sábà ń to sìgá sí láìwé e, kí ó lè máa gbó. Ní ilẹ̀ mìíràn, wọ́n a fi sẹ́lófénì wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Sẹ́lófénì kì í ṣe ike. Láti ara igi ni a ti ń ṣe é, ọ̀rinrin sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà sìgá tí a wé ń gbó, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, òróró inú tábà yóò rin ọ̀rá náà títí yóò fi pọ́n bí oyin. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó tètè gbó, ẹ bọ́ ọ. Bí ẹ óò bá máa gbé e kiri, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí ewé òde sìgá tètè ń ya. (Èmi kì í mu ún, ṣùgbọ́n mo mọ ọjà tí ó bàjẹ́ bí mo bá rí i.)

Ọ̀rinrin tí ó tọ́ sí i ni 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún; bí ó bá pọ̀ jù, yóò bu. Èyí tí ó burú jù ni kòkòrò tábà, tí ẹyin rẹ̀ ń pa nígbà tí ooru bá mú. Ó lè lu sẹ́lófénì já. Otútù fìrísà fún ọjọ́ mélòó kan ni ó ń pa á. Kòkòrò pupa kékeré yìí kan náà a sì máa jẹ kòkó: ẹ má ṣe gbé àpótí sìgá kankan sí ilé ìkẹ́rùsí tí àpò kòkó wà.