Ogun Òkèèrè, Ọmọ Ọdún 16, àti Ọkùnrin Tó Gbà Á Là

Tí ẹ bá ya kíláàsì wa lásìkò bíréèkì, ẹ ó gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń jiyàn lórí ogun Ukraine àti Russia tàbí ogun Gásà, àfi bí ẹni pé Arsenal àti Chelsea ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ rárá. Wọ́n á ní, “Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ayé ti bàjẹ́, kò séèyàn gidi mọ́.” Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí wò. Ìtàn tí a máa fi yẹ̀ ẹ́ wò bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí.

BÍ OGUN ÒKÈÈRÈ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì (1939 sí 1945), tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Hítílà, ibi tí wọ́n ti ń jà jìnnà sí Abẹ́òkúta gan-an. Síbẹ̀ ogun náà wọ ọjà wa. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun. Wọ́n fi òfin dé iye tí wọ́n lè ta ọjà, wọ́n sì ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí wà lára ohun tó mú kí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde jà fún ẹ̀tọ́ wọn.

Ogun náà tún ń wá èèyàn. Ní 1942, Japan gba Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso wa nígbà yẹn, ni wọ́n bá kó ọmọ ogun jọ láti Nàìjíríà, Gánà, Sàró àti Gáńbíà láti lọ gbà á padà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Abẹ́òkúta ló ti wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Ọmọ ọdún 16 ni! Ìyẹn ni pé, ká ní òde òní ni, SS2 ni ì bá wà. Kò tilẹ̀ sọ fún bàbá àti ìyá rẹ̀ kó tó lọ.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LẸ́TÍ ODÒ KALADAN

Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi Isaac sí. Ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé Íńdíà, wọ́n sì ti ibẹ̀ wọ Bọ́mà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Division 81. Igbó àti òkè ló kún àfonífojì odò Kaladan tí wọ́n rán wọn lọ. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, bàálù ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta, 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò náà, wọ́n sì dáná ìbọn yá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú. Ọta ìbọn fọ́ egungun itan ọ̀tún Isaac, òmíràn bà á níkùn. Kò lè dìde. David Kargbo, ọmọ Sàró, náà gbọgbẹ́. Nígbà tó yá, ó ku àwọn méjèèjì nínú igbó, láàárín àwọn ọ̀tá.

Àwọn ará abúlé kan rí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbí díẹ̀ kẹ́ ẹ rò ó wò. Èdè wọn kò bára mu. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Isaac, Mùsùlùmí ni àwọn ará abúlé náà. Bí wọ́n bá kọjá lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, ta ni ì bá bi wọ́n? Síbẹ̀, wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn nínú igbó. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Shuyiman gbé àwọn méjèèjì wọ ilé ara rẹ̀. Oníyàwó ni, ọlọ́mọ ni. Bí àwọn Japan bá rí wọn níbẹ̀, tẹbítẹbí ló máa bá a lọ. Láti oṣù kẹta náà títí di oṣù kejìlá, 1944, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé, wọn kò tú àṣírí wọn.

Isaac padà sílé, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó bímọ, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2011, akọ̀ròyìn kan, Barnaby Phillips, bá a gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó bá ẹbí rẹ̀ nílé, ó sì jíṣẹ́ fún wọn. Ọdún 67 ti kọjá! Ọdún kejì rẹ̀, 2012, ni bàbá Isaac kú.

KÍ LÓ Ń JẸ́ ÌRÈTÍ?

Ìrètí pín sí méjì. Èyí àkọ́kọ́ ni kéèyàn máa sọ pé ogun á parí lọ́la. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn dá wa lójú. Èkejì ni kéèyàn mọ̀ pé bó ti wù kí ogun le tó, ẹnì kan ṣì lè kọ̀ láti ṣe ìkà. Èyí ní ẹ̀rí. Shuyiman kò lágbára láti dá ogun Bọ́mà dúró, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí Isaac padà wálé wá bí, oore tí ilé kan ṣe ló jẹ́ kí wọ́n dáyé.

Àwọn àgbà ní oore kì í gbé. Ẹnìkan lè béèrè pé, “Ṣé lóòótọ́?” Nítorí pé àwọn Mùsùlùmí agbègbè yẹn, tí ayé ń pè ní Rohingya lónìí, ojú wọn ti rí màbo. Òfin tí ìjọba Bọ́mà ṣe ní 1982 kò kà wọ́n mọ́ ọmọ ìlú. Láti oṣù kẹjọ 2017, àwọn ológun dáná sun abúlé wọn, èèyàn tó lé ní 700,000 sì sá lọ sí Bangladesh.

Ta ló wá gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague, ní oṣù kọkànlá 2019? Gáńbíà ni, orílẹ̀-èdè kékeré ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí. Mínísítà ètò ìdájọ́ wọn nígbà náà, Abubacarr Tambadou, ti ṣiṣẹ́ lórí ẹjọ́ ìpakúpa Rwanda rí. Nígbà tó dé àgọ́ àwọn Rohingya ní Bangladesh, ohun tó gbọ́ rán an létí Rwanda, kò sì lè dákẹ́. Ní oṣù kìíní 2020, ilé-ẹjọ́ náà pàṣẹ pé kí Myanmar dáàbò bo àwọn èèyàn náà. Àṣẹ yẹn kò tíì dá wọn padà sílé o. Ṣùgbọ́n ẹni tó jìnnà réré wò wọ́n, ó sì ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká.

ÀWA ŃKỌ́?

Ogunléndé ni à ń pe ẹni tó sá fún ogun. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ogun ló lé mi dé. Ogunléndé ni àwọn baba ńlá wa nígbà tí wọ́n dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ẹni tí àpáta gbà sábẹ́ kò gbọdọ̀ fi ẹni tó ń sá kiri ṣe yẹ̀yẹ́.

Nítorí náà, bí fídíò ogun bá dé sórí fóònù bàbá tàbí ìyá yín, ẹ má sáré fi ránṣẹ́ kiri. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tó ti wá; òmíràn ti pẹ́, géèmù lásán sì ni òmíràn. Bí ẹ bá ń wo ìròyìn, ẹ wá ẹni tó ń gbé aláìsàn, ẹni tó ń pín búrẹ́dì, ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Wọ́n máa ń wà níbẹ̀.

Bí ọmọ tuntun kan bá sì wọ kíláàsì yín, tí wọ́n ní láti Borno tàbí Benue ni wọ́n ti wá nítorí ìjà, ẹ má fi bó ṣe ń sọ Yorùbá rẹ́rìn-ín. Ẹ sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, kẹ́ ẹ sì yá a ní nóòtì.