Iná Lọ, Omi Gba Kápẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Ń Lẹ Dígí Ìdábùú Sínú Sump

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston níbí ò ní gbàgbé òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí ìjì Beryl jà. Àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni kò rí iná lò. Bí àwọn kan ṣe ń dárò òrùlé ni àwọn mìíràn ń dárò ẹran inú fíríìjì. Ní tèmi, igbe ìyàwó mi ni mo gbọ́ láti pálọ̀: "Bàbá Ìbejì, ẹ dìde o! Omi ti gba kápẹ́ẹ̀tì!"

Mo rò pé òrùlé ló ń jò. Òrùlé kọ́. Omi ẹja mi ni. Ìjì mú iná lọ lóòótọ́, àmọ́ èmi fúnra mi ni mo fa omi yẹn. Èmi tí mo ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣírò owó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò ṣírò omi tó wà nínú ilé ara mi! Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí, kí ẹlòmíràn má baà jìn sí kòtò tí mo jìn sí.

Ẹja tí mò ń sìn kì í ṣe ti ọbẹ̀ o, ti wíwò ni. Kribensis lorúkọ ẹ̀, kò ju nǹkan bí ínṣì mẹ́rin lọ. Ará ilé wa ni: inú odò gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùn ló ti wá. Tí abo ẹ̀ bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn ẹ̀ á pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún.

Kí ni sump? Àpótí dígí kejì ni, tó máa ń wà lábẹ́ àpótí ẹja. Omi á gba páìpù wálẹ̀, asẹ́ á gba ìdọ̀tí, á kọjá lára fóòmù tí àwọn kòkòrò àìrí tó ń jẹ ammonia ń gbé, lẹ́yìn náà pọ́ǹpù á tì í padà sókè. Dígí ìdábùú ló pín inú ẹ̀ sí yàrá yàrá. Tí kò bá sí wọn, ìdọ̀tí àti ìfófòó ni pọ́ǹpù á máa fà lọ bá ẹja.

Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Èkíní dúró lórí ilẹ̀ àpótí, omi á gun orí ẹ̀ kọjá. Ìkejì ga ju èkíní lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ ní ínṣì kan, kí omi gba abẹ́ ẹ̀. Ìkẹta dà bí èkíní, bákan náà ni wọ́n ṣe ga. Àlàfo ínṣì kan sí ìkan ààbọ̀ tó láàárín wọn. Bí omi ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìfófòó á léfòó, á sì bẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Àpótí ẹja mi gùn ní ínṣì 48, ó fẹ̀ ní 18. Ẹnu páìpù tó ń dá omi padà wọ inú omi ní ínṣì méjì. Tí iná bá lọ, páìpù yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi wálẹ̀ títí ẹnu ẹ̀ á fi rí afẹ́fẹ́. 48 lọ́nà 18 lọ́nà 2 jẹ́ 1,728. Gálọ́ọ̀nù kan jẹ́ ínṣì oníbùú-lóòró 231, nítorí náà omi yẹn tó gálọ́ọ̀nù méje ààbọ̀. Ẹ fi ẹyọ kan kún un fún èyí tó wà nínú páìpù, ó di mẹ́jọ ààbọ̀.

Sump mi gùn ní 36, ó fẹ̀ ní 18, ó ga ní 16. Ínṣì kan omi nínú ẹ̀ jẹ́ gálọ́ọ̀nù 2.8. Gálọ́ọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ á wá gbé omi sókè ní ínṣì mẹ́ta. Mélòó ni mo gbé dígí mi ga? Mẹ́rìnlá! Torí mo fẹ́ kí omi pọ̀. Mẹ́rìnlá àti mẹ́ta jẹ́ mẹ́tàdínlógún, àpótí ò sì ju mẹ́rìndínlógún lọ. Ṣé ẹ rí i? Ní báyìí, mẹ́wàá ni mo gé e sí.

Ẹ jẹ́ ká wá lẹ̀ ẹ́. Dígí ni kí ẹ lò, ẹ má lo acrylic: silicone kì í di acrylic mú dáadáa, ó sì máa ń tẹ̀ nínú omi. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn agédígí, mo ní kí wọ́n gé èyí tó nípọn ní ìdámẹ́rin ínṣì. Ẹ wọn inú àpótí, ẹ má wọn ẹ̀yìn ẹ̀. Kí dígí kéré sí ìbú inú ní ìdá mẹ́jọ ínṣì, kí silicone lè ráyè lọ́tùn-ún lósì. Dígí tó há gádígádí lè fọ́ ògiri àpótí. Ẹ fi sáńpépà àti omi ha etí ẹ̀, kó má baà gé yín lọ́wọ́.

Silicone tí kò ní oògùn tó ń pa èéhù ni kí ẹ rà, torí oògùn yẹn lè pa ẹja. Ẹ fi ọtí ìpara nu ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi téèpù sàmì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fún silicone sí ojú ìlà, ẹ ti dígí bọ̀ ọ́, ẹ fi ìka tó ti bọ omi ra igun ẹ̀, kí ẹ sì ṣí téèpù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ẹ̀ẹ́ gbọ́ òórùn bíi fínígà. Títí òórùn yẹn á fi lọ, ẹ má kánjú. Èmi dúró ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ẹ tún lu ihò kékeré sára páìpù tó ń dá omi padà, díẹ̀ sábẹ́ ojú omi, kó lè tètè fa afẹ́fẹ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí ìdọ̀tí máa ń dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fúnra yín yọ wáyà pọ́ǹpù, kí ẹ sì dúró tì í. Nígbà tí mo yọ tèmi, omi ò tó ínṣì méjìlá tó fi dúró.

Ẹja mi ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́rin tí iná ò fi sí, ẹ̀rọ oníbátìrì kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ló gbà wọ́n là. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti fọwọ́ sọ̀yà: tí omi bá tún kan kápẹ́ẹ̀tì òun, ata lòun máa fi pàdé ẹja yẹn.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó gé dígí o. Ó dìgbà kan ná.